Ìbọn ìléwọ́ .22 tó ń kọ ọta: ṣé mágásìnì ni, àbí ọta, àbí irin fúnra rẹ̀?

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi (Iléṣà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa wà láàárín yín. Àbúrò mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ní ìbọn ìléwọ́ .22 LR (Long Rifle, irú ọta kékeré kan) tó fi ń díje nínú ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn. Ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ ni. Mágásìnì méjì ló ní, àpótí irin tí a ń to ọta sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ọta 10.

Ìṣòro rẹ̀ nìyí. Ọta kìíní àti ìkejì á wọlé wẹ́rẹ́. Láti orí ìkẹta lọ, ọta lè dorí kodò, imú rẹ̀ á gún iwájú mágásìnì, sílàìdì, irin òkè ìbọn tó ń lọ síwá-sẹ́yìn, á sì fún un mọ́bẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọta á ti wọ ihò rẹ̀ ní ìdí bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá ìbọn), ṣùgbọ́n sílàìdì kò ní padé tán, á ku bíi mìlímítà 2 tàbí 3. Nínú ọta 50, ó há lẹ́ẹ̀meje, mágásìnì kan náà ló sì ti há lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú rẹ̀. Ọta olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní páálí ńlá ló ń lò, òjé lásán, kò ní bàbà lára.

Ẹnì kan ládùúgbò wa níbí ti sọ fún un lórí fóònù pé kó fi fáìlì ha ráńpù, ibi dídagẹ̀rẹ́ tí imú ọta ń gùn wọlé, kí ó lè máa yọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ yìí ló fẹ́ ṣe é. Mo ní kó dúró ná kí n bi yín.

Àmọ́rà_Àgbà (Ilé-Ifẹ̀)

O ṣeun tó o dá a dúró. Kó gbé fáìlì yẹn padà sínú àpótí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí a tó dé orí àìsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀mí. Bí ìbọn bá há, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú ibi tí wọ́n ń yìn ín sí. Ìka kúrò lórí tírígà. Mágásìnì ni yóò kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fa sílàìdì sẹ́yìn. Bó bá fa sílàìdì kó tó yọ mágásìnì, ọta mìíràn ni sílàìdì yóò gbé wọlé bó ṣe ń padà, òun yóò sì rò pé ìbọn ti ṣófo. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìbọn "tó ṣófo" fi ń pa èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà kó fi ojú wo ihò ọta, kó sì fi orí ìka kàn án. Bó bá jẹ́ pé ó fa tírígà tí ìbọn kò dún, kó kọ ojú rẹ̀ sí ibi àmì fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán, kó tó ṣí i. Ẹ̀tù mìíràn máa ń pẹ́ kó tó gbiná. Bó bá dún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó má tún un yìn rárá. Ó lè jẹ́ pé òjé ti dúró sínú bárẹ́ẹ̀lì, èyí tó bá tẹ̀ lé e ni yóò fọ́ ìbọn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó wá ku àìsàn. Bí ọta ṣe dúró nígbà tó há ni yóò sọ ibi tí àrùn wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó máa sáré fà á jáde: kó wò ó ná.

Bí imú ọta bá wolẹ̀ sí iwájú mágásìnì, mágásìnì ni kí ẹ mú. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti rẹ̀, tàbí pẹpẹ tó ń gbé ọta sókè ń lọ́ra nítorí ìdọ̀tí, tàbí kíkì ni wọn kò kì í dáadáa. Bí imú bá gún òkè ihò, tó dojú kọ ọ̀run, ètè mágásìnì ló ti ṣí jù, ó ń tú ìdí ọta sílẹ̀ kó tó yẹ. Bí sílàìdì bá kọjá lórí ọta láìgbé e, tó lọ padé lórí ihò tó ṣófo, ẹ̀ṣẹ̀ ráńpù kọ́ nìyẹn: sílàìdì kò lọ sẹ́yìn tó. Ọta tí agbára rẹ̀ kéré ló sábà ń fà á, tàbí ọwọ́ tó rọ̀, tàbí mágásìnì tí kò wọlé dé ibi tí ìkọ́ rẹ̀ yóò ti gbá a mú. Bí èèpo ọta àtijọ́ bá dúró ṣánṣán lẹ́nu fèrèsé sílàìdì, ìyẹn ti ìtajáde, kì í ṣe ti ìgbàwọlé. Bí ọta tuntun bá sì lọ kan èèpo tó ṣì wà nínú ihò, ìkọ́ tó ń fa èèpo jáde ni kí ẹ fọ̀.

Ti àbúrò rẹ, àrùn méjì ló wà níbẹ̀. Ìdoríkodò jẹ́ ti mágásìnì. Àìpadé tán jẹ́ ti ihò ọta. Ráńpù kò sí nínú ọ̀kan kan.

Ẹnjiníà_Mọdákẹ́kẹ́

Mo fara mọ́ bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí .22 fi ń ṣe báyìí ju ọta mìíràn lọ.

1887 ni .22 LR ti wà, kí ìbọn ìléwọ́ tó ń kì ara rẹ̀ tó délé. Ìdí rẹ̀ ní etí tó yọ síta yí ká: fífẹ̀ etí náà tó mìlímítà 7, nígbà tí ara ọta kò tó 6. Ẹ wá to 10 irú rẹ̀ lé ara wọn nínú àpótí irin tó há. Bí etí ọta òkè bá bọ́ sí ẹ̀yìn etí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí sílàìdì bá ń ti ti òkè síwájú, yóò fẹ́ wọ́ ti ìsàlẹ̀ lọ pẹ̀lú. Méjèèjì á há mọ́ra. Èyí tó wà lókè yóò wolẹ̀ nímú.

Nítorí náà, ọ̀nà tí a fi ń kì í ṣe pàtàkì. Etí ọta tó bá wà lókè gbọ́dọ̀ wà ní iwájú etí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, láti orí kìíní dé ìkẹwàá. Ọ̀pọ̀ mágásìnì .22 ní bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń fa pẹpẹ wálẹ̀. Ẹ̀bùn ni bọ́tìnì yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó dáadáa. Bí ẹ bá fà á wálẹ̀ pátápátá tí ẹ wá ń da ọta sínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sínú ìgò, bó bá ṣe wù wọ́n ni wọ́n máa tò. Kí ó fà á wálẹ̀ ní ìwọ̀n ọta kan péré, kó fi ọ̀kan sí i, kó tún fà á ní ìwọ̀n ọ̀kan. Bó bá parí, kó wo ẹ̀gbẹ́ mágásìnì: gbogbo imú ọta gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀, kí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Èyí tó bá wolẹ̀ láàárín wọn, òun ni yóò há. Kó tú u, kó tún un kì.

Ìdánwò kan wà tó rọrùn. Kó fi kálámù kọ 1 sí ìdí mágásìnì kan, 2 sí èkejì. Kó yin ọta 50 irú kan náà láti inú 1, 50 láti inú 2, kó máa kọ sílẹ̀ pé ọta kelòó ló há àti bó ṣe dúró. Bí àrùn bá ń tẹ̀ lé mágásìnì kan, bárẹ́ẹ̀lì kò jẹ̀bi. Ìṣirò tó ti kọ sílẹ̀ yìí, márùn-ún nínú méje, ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọdẹ_Ìbòdì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe òróró ló ń fẹ́? Ìbọn tó bá há, òróró la máa ń dà sí i.

Àmọ́rà_Àgbà (Ilé-Ifẹ̀)

Ọdẹ, o kú àpẹ́pa. Ti ṣakabùlà yàtọ̀. Nínú .22, òróró púpọ̀ wà lára ohun tó ń mú un há. Ẹ̀tù .22 dọ̀tí, ọta òjé sì ní ìda tàbí ọ̀rá lára. Bí òróró bá pàdé èérí ẹ̀tù àti ìda, ó ń di ẹrẹ̀ dúdú. Ìkán òróró kan lórí ojú irin kọ̀ọ̀kan tí sílàìdì ń gbà rìn, ó tó. Inú mágásìnì kò gbọdọ̀ ní òróró rárá. Inú ihò ọta kò gbọdọ̀ ní. Òróró tó bá ta sórí ọta lè wọnú rẹ̀, kó sì pa iná ìdí rẹ̀.

Bó ṣe máa fọ mágásìnì: kó yọ ìdí rẹ̀, kó fi àtàǹpàkò di sípíríǹgì mú kó má fò sí i lójú, kó sì kíyè sí apá tí sípíríǹgì kọjú sí kó tó yọ ọ́. Kó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ àwo fọ àpótí àti pẹpẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló dára jù fún un. Kó gbẹ, kó gbẹ dénú. Kó tò ó padà gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fi ìka tẹ pẹpẹ wálẹ̀, kó sì jọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀: ó gbọ́dọ̀ bá ìka gòkè láìdúró níbì kankan. Ibi tó bá ti ń lọ́ra, ibẹ̀ ni ọta ti ń wolẹ̀.

Fún ihò ọta: búrọ́ọ̀ṣì idẹ oníwọ̀n .22, láti ẹ̀yìn, kì í ṣe láti ẹnu ìbọn. Kó fi oògùn ìfọbọn rẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Kó máa yí búrọ́ọ̀ṣì náà sí apá kan, kó lè ha òrùka ìda àti òjé tó máa ń dì síwájú ihò. Kó fi àkísà mímọ́ nù ún títí àkísà yóò fi jáde láìdúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọ bárẹ́ẹ̀lì dídán gbinrin, wọn kò fọwọ́ kan ihò, bẹ́ẹ̀ ihò ni ọta ń há sí.

Arọ́_Ọmọ_Ògún (Iléṣà)

Ẹ̀gbọ́n Àmọ́rà, mo kí yín. Iṣẹ́ irin niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti fáìlì, nítorí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ.

Ráńpù kì í ṣe òkúta tí a ń gbẹ́ lásán. Bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ ló ń gbé imú ọta sójú ihò. Bí fáìlì bá fi irun kan yí igun yẹn padà, imú yóò máa gún ibòmíràn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí wọ́n pààrọ̀ bárẹ́ẹ̀lì. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá gé wọ ẹnu ihò ọta. Èèpo .22 tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí irin kò bá ti gbé e ró, yóò bẹ́, iná àti èérún idẹ á sì ta sí ọwọ́ àti ojú. Lára àwọn ìbọn .22 mìíràn, alumíníọ̀mù ni férémù (ara ìbọn tí ọwọ́ ń dì mú), awọ líle tó wà lójú rẹ̀ kò nípọn. Fáìlì á ká a kúrò, èyí tó rọ̀ lábẹ́ á wá máa jẹ.

Bí ráńpù bá ní ìdọ̀tí òjé, kó fi oògùn àti àkísà nù ún. Bó bá ní àpá gidi tí èékánná ń kọ̀ sí, kó gbé e lọ fún alátùn-únṣe ìbọn tó ní ìwé àṣẹ, tí yóò dán an láìyí igun rẹ̀ padà. Dídán yàtọ̀ sí gígé.

Ẹ̀ẹ̀kejì: kò gbọdọ̀ na sípíríǹgì mágásìnì pé kó lè le. Irin tó ti rẹ̀ ti rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá nà án, á gùn fún ọjọ́ díẹ̀, á tún padà sílẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ fi iná kàn án. Bó bá ti pọ́n, líle rẹ̀ ti lọ. Tuntun ni kó rà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ètè mágásìnì. Kó fi kálípà (irin ìwọn) wọn àlàfo ètè ti mágásìnì 1, níwájú àti lẹ́yìn, kó sì fi wé ti 2. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni àwòkọ́ṣe. Bí wọ́n bá yàtọ̀, mágásìnì yẹn ti já bọ́ rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi píláyà tẹ̀ ẹ́ padà. Irin ètè kò fẹ́ràn títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sán. Tèmi ni pé kó fi í sílẹ̀, kó ra òmíràn.

Àfojúsùn25 (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ ti mú mágásìnì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fọwọ́ kan ọta fúnra rẹ̀.

Ọta páálí ńlá kì í dọ́gba. Kó da 50 sórí aṣọ funfun kó máa wò wọ́n: imú tó yẹ̀, etí tó ṣẹ́, òjé tó ń mì nínú èèpo. Òjé .22 kò jókòó jinlẹ̀ nínú èèpo, ìdí rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló wọ inú. Ìdí nìyẹn tí ọta tó bá há lẹ́ẹ̀kan fi máa ń tẹ̀. Kó má tún un kì. Kó yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Kó tún dán irú ọta méjì wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọta oníwọ̀n déédéé, òjé gírénì 40 (gírénì ni a fi ń wọn ìwúwo òjé), bíi CCI Standard Velocity, ń sáré bíi mítà 326 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. CCI Mini-Mag gírénì 40, tó ní awọ bàbà, ń sáré bíi mítà 376. Awọ yẹn kì í fi ìda dí ihò, agbára rẹ̀ sì ń ti sílàìdì lọ dópin. Bí ìbọn bá yanjú pẹ̀lú Mini-Mag, tó sì ń há pẹ̀lú èkejì, a jẹ́ pé sípíríǹgì ìdápadà rẹ̀ le fún ọta tó ń lò, tàbí kó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n kó ka ìwé ìbọn rẹ̀ kó tó dán an wò. Àwọn ìbọn ìdíje gidi, ọta oníwọ̀n déédéé ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Èyí tó yára á máa lù wọ́n lára jẹ.

Ọwọ́ ńkọ́? Ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ nílò ọwọ́ tó dúró, kí férémù má bá sílàìdì lọ sẹ́yìn. Bí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀, sílàìdì kò ní lọ tó. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀: kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n yin mágásìnì kan náà, ọta kan náà. Kí ìkọ́ mágásìnì má sì jẹ́ èyí tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ láìmọ̀.

Nítorí pé ó ń díje: nínú ìlànà ISSF, àjọ eré ìbọn yíyìn lágbàáyé, ìbọn 25 mítà, ọta 5 ni wọ́n ń kì, kì í ṣe 10. Kó máa fi márùn-ún ṣe ìdánrawò. Bó bá há lójú ìdíje, kó kọ ẹnu ìbọn sí ibi àmì, kó na ọwọ́ kejì sókè, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí alákòóso yóò fi dé. Bó bá ṣí ìbọn fúnra rẹ̀, wọ́n lè ka ìhá yẹn sí i lọ́rùn.

Ọdẹ_Ìbòdì

Ẹ ṣé, ojú mi là. Ìbéèrè méjì péré. Ṣé ìbọn .25 àti .32 tún ní àrùn etí yìí? Ẹ̀kejì, ṣé èèyàn lè ní irú èyí ní Iléṣà níbí fún eré ìdárayá?

Ẹnjiníà_Mọdákẹ́kẹ́

.32 ACP (ACP ni orúkọ ọta ìbọn ìléwọ́ Colt tó ń kì ara rẹ̀), tó jáde ní 1899 láti ọwọ́ John Browning, ní etí díẹ̀, kì í ṣe bíi ti .22. Ọta olórí líle, gírénì 71, ń ṣe dáadáa, nítorí gígùn rẹ̀ kún mágásìnì. Wàhálà ń dé bí wọ́n bá lo ọta olórí ihò tó kúrú: àyè á wà níwájú rẹ̀, á máa rìn síwá-sẹ́yìn bí ìbọn ṣe ń ta, etí á sì há mọ́ ara wọn. Ẹ padà sí ọta olórí líle. .25 ACP náà ní etí díẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn yẹn kò wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Sípíríǹgì mágásìnì tó rẹ̀ ló sábà máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. .380 ACP, ti 1908, kò ní etí tó yọ síta, ẹ kò ní bá ìhá yẹn pàdé nínú rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ má máa kì ọta kan náà wọlé léraléra kí ẹ tún máa yọ ọ́. Imú rẹ̀ ń wọlé sí i lójoojúmọ́, agbára ẹ̀tù inú rẹ̀ yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́rà_Àgbà (Ilé-Ifẹ̀)

Ọdẹ, èmi ni yóò dá èkejì lóhùn. Rárá. Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí a kà léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i fún èèyàn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tà ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ èyí tí ọlọ́pàá lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ìdíje mítà 10 sì wà fún un pẹ̀lú ọta mìlímítà 4.5. Bí o bá fẹ́ eré náà, ibẹ̀ ni kó o kọjú sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi (Iléṣà)

Ẹ kú àdúrótì. Àbúrò mi ti ṣe é, ó sì ti kọ èsì ránṣẹ́. Mágásìnì 2 ló ń há jù. Nígbà tó tú u, pẹpẹ rẹ̀ ti dì mọ́ ẹrẹ̀ dúdú gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe sọ, sípíríǹgì rẹ̀ sì kúrú ju ti 1 lọ. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Ètè méjèèjì dọ́gba lórí kálípà. Ó yin 100 láti inú 1, ọta kankan kò dorí kodò. Ó yin 100 láti inú 2, kò sí ìdoríkodò kankan mọ́. Ṣùgbọ́n sílàìdì ṣì kọ̀ láti padé tán lẹ́ẹ̀mẹta nínú 200 yẹn, bẹ́ẹ̀ ó ti fọ ihò ọta. Ó ní bí òun bá fi orí ìka kan ẹnu ihò náà, nǹkan kékeré kan wà tó ń ha òun lọ́wọ́, ní apá òkè.

Àmọ́rà_Àgbà (Ilé-Ifẹ̀)

Ó ti rí i. Bi í bóyá ó máa ń fa tírígà nígbà tí ìbọn bá ṣófo. Píìnì .22, irin ṣóńṣó tó ń lu ọta kó lè dún, kì í lu àárín ìdí ọta, etí ló ń lù. Bí ọta kò bá sí níbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìbọn, ẹnu ihò ni píìnì yóò lọ lù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, irin á wú wọnú ihò níbi tó ń lù yẹn. Ọta tó bá kéré díẹ̀ á kọjá, èyí tó bá tóbi díẹ̀ á kọ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ mẹ́ta péré nínú 200.

Níbí pàápàá, fáìlì kọ́. Àwọn alátùn-únṣe ní irin ṣóńṣó kan tí wọ́n ń tì wọ ihò, tó ń ti irin tó wú padà sí àyè rẹ̀ láìgé nǹkan kan kúrò. Kó gbé e lọ fún wọn. Lẹ́yìn náà kó wọn ìbọn náà wò: kó tú bárẹ́ẹ̀lì bó bá ṣeé tú, kó ju ọta kan sínú ihò. Nínú ìbọn lásán, ó yẹ kó wọlé fúnra rẹ̀, kó sì já bọ́ bó bá dojú rẹ̀ dé. Nínú ihò ìdíje, imú òjé lè kan ìlà bárẹ́ẹ̀lì, á fẹ́ kí ìka tì í díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Arọ́_Ọmọ_Ògún (Iléṣà)

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Bó bá fẹ́ máa dán tírígà wò nílé, kó ra fíṣà aláwọ̀ yẹ́lò kékeré, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń fi sára ògiri kí wọ́n tó dè ìdè. Nọ́ńbà 4–6 wọ ihò .22, orí rẹ̀ á sì gba ìlù píìnì dípò irin. Kó máa yí i lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí orí rẹ̀ bá ti ní àpá yí ká, kó jù ú nù, kó fi òmíràn sí i. Yàrá tí kò sí ọta gidi kankan ni kó ti máa ṣe é.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi (Iléṣà)

Mo bi í. Ó ní lóòótọ́, lójoojúmọ́ lòun ń fa tírígà ìbọn òfìfo, fún bí ọdún kan. Ọjọ́ Ajé ló ń gbé bárẹ́ẹ̀lì lọ.